Maurice Stokes: Ìṣubú Kan ní Minneapolis, àti Ọ̀rẹ́ Tí Kò Fi Ọ̀rẹ́ Sílẹ̀

Olóòtú ní kí n kọ ìtàn ìgbésí ayé eléré ìdárayá kan tó ti kú tipẹ́. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ yín á ti máa retí agbábọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀. Ẹ má bínú, bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n ni tèmi, èyí tí gbogbo wa ń pè ní básíkẹ́ẹ̀tì. Ìdí tí mo fi yan ẹni tí mo yàn yìí kò ṣẹ̀yìn ohun kan tí mo fọwọ́ ara mi ṣe, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́ rẹ̀.

Ní sáà ẹ̀kọ́ tó kọjá, èmi ni balógun ikọ̀ básíkẹ́ẹ̀tì ẹ̀ka wa. Nínú ìdíje kejì tí a gbá pẹ̀lú ẹ̀ka mìíràn, ọ̀kan nínú wa fò sókè láti já bọ́ọ̀lù gbà. Ẹnìkan kọlù ú lófuurufú, ó sì fi ẹ̀yìn orí balẹ̀ lórí sìmẹ́ǹtì. Ojú rẹ̀ là sílẹ̀, ṣùgbọ́n fún bí ìṣẹ́jú kan, kò mọ ibi tó wà. A da omi inú ọ̀rá lé e lórí. Nígbà tó jókòó, mo bi í bóyá ó lè máa gbá a lọ, ó sì mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Mo fà á dìde, àwọn èrò pàtẹ́wọ́, ó padà sórí pápá. A borí lọ́jọ́ náà. Nígbà tó di alẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bì, orí ń fọ́ ọ débi pé kò lè wo iná. A gbé e lọ sílé ìwòsàn. Ọlọ́run bá wa ṣe é, ara rẹ̀ ti yá báyìí, àmọ́ ìdánwò méjì ló bá a lọ.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, olùkọ́ wa kan tí wọ́n ń kọ́ wa nípa ìpalára nínú eré ìdárayá pè mí sí ọ́fíìsì wọn. Mo ti ń múra ìbáwí sílẹ̀. Wọn kò bá mi wí. Wọ́n kàn bi mí pé ṣé mo mọ Maurice Stokes. Mo ní rárá, sà. Wọ́n ní kí n lọ wá ìtàn rẹ̀ kà. Ohun tí mo kà ni mo fẹ́ sọ fún yín lónìí.

Ìbejì kan ní ìlú àwọn alágbẹ̀dẹ irin

Ọjọ́ 17 oṣù Kẹfà ọdún 1933 ni wọ́n bí Maurice Stokes ní Rankin, ìlú kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ Pittsburgh ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania, nílẹ̀ Amẹ́ríkà. Ìbejì ni. Ọmọbìnrin ni èkejì rẹ̀. Ká ní ilẹ̀ wa ni wọ́n bí i sí ni, à bá má bèèrè orúkọ rẹ̀ rárá. Táíwò tàbí Kẹ́hìndé ni. Ọmọ mẹ́rin làwọn òbí rẹ̀ bí. Bàbá rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń yọ́ irin, ìyá rẹ̀ sì ń ṣiṣẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀ nílé àwọn ẹlòmíràn. Ní àdúgbò Pittsburgh nígbà náà, iṣẹ́ irin ni ọ̀pọ̀ ènìyàn dúdú tó ṣí wá láti ìhà gúúsù gbára lé.

Nígbà tí Maurice pé ọdún 8, ìdílé náà kó lọ sí Homewood, àdúgbò kan ní Pittsburgh. Ibẹ̀ ló ti lọ sí ilé ẹ̀kọ́ gíga Westinghouse. Ilé ẹ̀kọ́ yìí ni Chuck Cooper náà ti jáde, ẹni tó wà lára àwọn ènìyàn dúdú mẹ́ta àkọ́kọ́ tó wọ líìgì NBA ní ọdún 1950. Ẹ má rò pé ọ̀dọ́mọkùnrin tí gbogbo ayé ti rí ìràwọ̀ rẹ̀ láti kékeré ni Stokes o. Fún ọdún méjì àkọ́kọ́ nílé ẹ̀kọ́ náà, orí bẹ́ǹṣì ló ti ń bẹ̀rẹ̀ ìdíje. Nígbà tí àkókò rẹ̀ tó, Westinghouse gba ife ẹ̀yẹ ìlú náà léraléra ní ọdún 1950 àti 1951.

Ó lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì Saint Francis ní Loretto, ìlú kékeré kan lórí òkè ní Pennsylvania. Ilé ẹ̀kọ́ àwọn àlùfáà Franciscan ni, kò tóbi, kò sì lókìkí. Stokes ló gbé orúkọ rẹ̀ dé New York. Ní ọdún 1955, Saint Francis wọ ìdíje NIT ní Madison Square Garden, ipò kẹrin ni wọ́n sì ṣe. Síbẹ̀, Stokes ni wọ́n fi oyè agbábọ́ọ̀lù tó dára jù lọ nínú ìdíje náà dá lọ́lá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe ikọ̀ tirẹ̀ ló gba ife. Ẹ fi ohun kan sọ́kàn níbí: ikọ̀ tó gba ipò kẹta mọ́ wọn lọ́wọ́ ni ti Yunifásítì Cincinnati. Lára àwọn tó wà nínú ikọ̀ yẹn ni ọ̀dọ́mọkùnrin aláwọ̀ funfun kan, ọmọ Pittsburgh bíi Stokes gan-an, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Jack Twyman. A máa padà sórí rẹ̀.

Líìgì tó ṣì ń rákò

Àwa tí a mọ NBA lónìí, tí a ti gbọ́ ìtàn Hakeem Ọlájuwọ́n, ọmọ Èkó tó di ọba láàárín wọn ní Houston, a lè rò pé báyìí ni líìgì náà ṣe rí láti ìbẹ̀rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọdún 1946 ni wọ́n dá a sílẹ̀ lábẹ́ orúkọ mìíràn, ọdún 1949 ni òun àti líìgì mìíràn para pọ̀ tó fi di NBA. Nígbà tí Stokes dé ibẹ̀, ikọ̀ mẹ́jọ péré ló kù. Àwọn ìlú kéékèèké ń já bọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, nítorí owó èrò ìwòran kò tó gbọ́ bùkátà.

Àwọn agbábọ́ọ̀lù kì í ṣe olówó. Nígbà tí sáà bá parí, ọ̀pọ̀ nínú wọn á wá iṣẹ́ mìíràn ṣe kí ìdíje tó tún bẹ̀rẹ̀. Kò sí owó ìfẹ̀yìntì fún wọn. Ọdún 1964 ni wọ́n tó rí ìlérí rẹ̀ gbà, ní Boston, nígbà tí àwọn ìràwọ̀ líìgì náà kọ̀ láti jáde sórí pápá fún ìdíje All-Star àfi ìgbà tí wọ́n ṣèlérí fún wọn. Ní ti ènìyàn dúdú, ìṣòro tiwọn tún kọjá owó. Ìlú wà tí wọ́n ti máa gbá bọ́ọ̀lù fún àwọn aláwọ̀ funfun wò, tí òtẹ́ẹ̀lì kò ní gbà wọ́n sùn mọ́jú.

Rochester Royals, ikọ̀ kan ní ìpínlẹ̀ New York, ló yan Stokes ní ipò kejì nínú gbogbo àwọn tí wọ́n yàn lọ́dún 1955. Ọdún kan náà ni wọ́n yan Jack Twyman. Báyìí ni àwọn ọmọ Pittsburgh méjì tó jẹ́ alátakò tẹ́lẹ̀ ṣe di ọmọ ikọ̀ kan.

Nínú ìdíje tí Stokes kọ́kọ́ gbá, èyí tí wọ́n bá New York Knicks gbá, ó jẹ àmì 32, ó gba ríbáùǹdì 20, ó sì fi bọ́ọ̀lù 8 lé àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́ tí wọ́n jù sáwọ̀n. Fún ẹni tí kì í wo básíkẹ́ẹ̀tì, ríbáùǹdì ni bọ́ọ̀lù tí wọ́n jù tí kò wọ àwọ̀n, tó ta padà, tí èèyàn wá já gbà. Iṣẹ́ agbára ni, iṣẹ́ ọgbọ́n sì ni pẹ̀lú. Stokes ga tó ẹsẹ̀ bàtà 6 àti ínǹṣì 7, ara rẹ̀ sì ki pọ́pọ́. Ṣùgbọ́n ohun tó ya àwọn èèyàn lẹ́nu ni pé, bó bá ti já ríbáùǹdì náà gbà tán, òun fúnra rẹ̀ á máa ta bọ́ọ̀lù náà nílẹ̀ sáré lọ síwájú, á sì fi fún ẹni tó bá wà ní ibi tó dára. Láyé ìgbà náà, iṣẹ́ àwọn kúkúrú ni èyí. Àwọn òmìrán kì í ṣe é.

Ní oṣù Kìíní ọdún 1956, ó gba ríbáùǹdì 38 nínú ìdíje kan ṣoṣo tí wọ́n bá Syracuse gbá. Nígbà tí sáà náà parí, òun ni wọ́n fi oyè agbábọ́ọ̀lù tuntun tó dára jù lọ dá lọ́lá. Ìgbẹ́kẹ̀lé tí wọ́n ní nínú rẹ̀ pọ̀ débi pé nígbà tí Royals ní àǹfààní láti kọ́kọ́ yan ẹni tí wọ́n bá fẹ́ ní ọdún 1956, wọ́n fi Bill Russell sílẹ̀, wọ́n mú Sihugo Green. Lára ìdí tí wọ́n fi ṣe bẹ́ẹ̀ ni pé wọ́n ti ní ẹni tó ń gba ríbáùǹdì fún wọn. Russell lọ sí Boston, ó sì gba ife ẹ̀yẹ 11 níbẹ̀. Ní sáà 1956 sí 1957, Stokes gba ríbáùǹdì 1,256. Kò tíì sí ẹni tó gba iye bẹ́ẹ̀ rí nínú sáà kan nínú líìgì náà.

Sáà kan ṣoṣo ní Cincinnati

Ọ̀rọ̀ owó ló lé Royals kúrò ní Rochester. Ní sáà 1957 sí 1958, Les Harrison tó ni ikọ̀ náà kó wọn lọ sí Cincinnati ní ìpínlẹ̀ Ohio. Inú Twyman dùn gan-an, nítorí ibẹ̀ ló ti kàwé. Bobby Wanzer ni kóòṣì wọn. Clyde Lovellette, òmìrán kan tó ti gba ife pẹ̀lú Minneapolis, dara pọ̀ mọ́ wọn. Stokes, Twyman àti Lovellette ni igi lẹ́yìn ọgbà ikọ̀ náà.

Kì í ṣe ikọ̀ alágbára jù lọ. Ìdíje 72 ni wọ́n gbá, wọ́n borí nínú 33, wọ́n sì pàdánù 39. Ṣùgbọ́n fún Royals, ìtẹ̀síwájú ni. Ní ọdún méjì tó ṣáájú, wọn kò rí ọ̀nà wọ ìdíje àṣekágbá rárá. Ní ọdún yìí, wọ́n bá Detroit pín ipò kejì ní ìhà ìwọ̀ oòrùn, ìyẹn sì ṣílẹ̀kùn fún wọn. Stokes ń jẹ àmì 16.9, ríbáùǹdì 18.1, ó sì ń fi bọ́ọ̀lù 6.4 fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jù sáwọ̀n nínú ìdíje kọ̀ọ̀kan. Tí a bá ro ọdún mẹ́ta rẹ̀ pọ̀, kò sí ẹnikẹ́ni nínú líìgì náà tó gba ríbáùǹdì tó o láàárín ọdún mẹ́ta yẹn. 3,492 ni tirẹ̀. Nínú fífi bọ́ọ̀lù fún ẹlòmíràn jù, ẹnìkan ṣoṣo ló ṣáájú rẹ̀, Bob Cousy ti Boston. Ẹ tún èyí kà o. Òmìrán tó ń gba ríbáùǹdì jù ni, òun náà ló tún tẹ̀ lé ọ̀gá àwọn tó ń pín bọ́ọ̀lù. Lọ́dọọdún ni wọ́n ń yàn án sí ìdíje All-Star. Ọmọ ọdún 24 ni.

Ọjọ́ 12 oṣù Kẹta

Ìdíje tó kẹ́yìn kí àṣekágbá tó bẹ̀rẹ̀ wáyé ní Minneapolis, ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹta ọdún 1958. Stokes gbé bọ́ọ̀lù lọ sábẹ́ àwọ̀n, ó fò sókè, òun àti alátakò kan fara gbún ara wọn, ó sì já bọ́. Orí rẹ̀ gbá ilẹ̀. Ó dákú.

Kò sí dókítà tó tọ ikọ̀ náà wá. Wọ́n gbé oògùn olóòórùn líle sí i nímú títí ó fi là jú. Lẹ́yìn náà ó dìde, ó sì padà sórí pápá. Nígbà tí ìdíje náà parí, àmì 24 ló jẹ, ríbáùǹdì 19 ló gbà.

Nígbà tí mo ka ibí yìí, mo pa fóònù mi dé. Ìtàn ọ̀rẹ́ mi ni mò ń kà. Omi inú ọ̀rá la fi ṣe oògùn olóòórùn tiwa. Ẹni tó ṣubú ní Minneapolis náà padà sórí pápá bíi ti ọ̀rẹ́ mi. Mo tún wá rántí òwe tí gbogbo wa mọ̀, pé bí ọmọdé bá ṣubú a wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú a wo ẹ̀yìn. Lọ́jọ́ náà lọ́hùn-ún, iwájú nìkan ni gbogbo wọn ń wò. Àṣekágbá ti dé tán.

Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 15, wọ́n gbá ìdíje àkọ́kọ́ nínú àṣekágbá ní Detroit. Stokes jáde. Ó jẹ àmì 12, ó gba ríbáùǹdì 15. Ara rẹ̀ kò dá, ṣùgbọ́n ó gbá a. Ìdíje àṣekágbá kan ṣoṣo tó gbá láyé rẹ̀ nìyẹn. Royals pàdánù.

Alẹ́ ọjọ́ náà ni wọ́n wọ bàálù padà sí Cincinnati. Àìsàn náà bẹ̀rẹ̀ gan-an lókè. Ó sọ fún àwọn tó wà nítòsí pé ó dà bíi pé òun fẹ́ kú. Gìrì mú un, kò sì mọ nǹkan kan mọ́. Nígbà tí bàálù balẹ̀, wọ́n sáré gbé e lọ sílé ìwòsàn. Ó wà láàyè, àmọ́ apá kò ṣiṣẹ́, ẹsẹ̀ kò ṣiṣẹ́, ohùn kò jáde. Ìjànbá tó ṣe ọpọlọ rẹ̀ nígbà tí orí rẹ̀ gbá ilẹ̀ ló ba ibi tó ń darí ara jẹ́. Ohun tó burú níbẹ̀ ni pé kò ba ibi tó fi ń ronú jẹ́. Nígbà tí iyè rẹ̀ padà, Stokes mọ ẹni tó jẹ́, ó mọ gbogbo ohun tó ń lọ ní yàrá náà, ó ń gbọ́ ohun gbogbo tí wọ́n ń sọ. Kò kàn lè fèsì ni.

Ọmọ ọdún 23 tó di alágbàtọ́

Sáà parí. Royals pàdánù ìdíje kejì náà sí Detroit, wọ́n sì jáde. Àwọn agbábọ́ọ̀lù bẹ̀rẹ̀ sí í pín yẹ́lẹyẹ̀lẹ, kálukú ń lọ sílé rẹ̀. Owó ilé ìwòsàn ń ga sí i lójoojúmọ́. Owó tí Stokes fi pamọ́ wà ní báńkì, ṣùgbọ́n òun nìkan ló lè fọwọ́ sí ìwé tí wọ́n máa fi gbà á, ọwọ́ náà kò sì ṣe é gbé. Pittsburgh ni àwọn ẹbí rẹ̀ wà, wọn kì í ṣe ọlọ́rọ̀.

Jack Twyman ń gbé ní Cincinnati. Iṣẹ́ adójútòfò ló ń ṣe nígbà tí kò bá sí bọ́ọ̀lù. Ọmọ ọdún 23 ni, ó níyàwó. Ó lọ sí kóòtù, ó ní kí wọ́n fi òun ṣe alágbàtọ́ Stokes lábẹ́ òfin. Kóòtù gbà. Láti ọjọ́ yẹn, ọ̀dọ́mọkùnrin aláwọ̀ funfun ni alágbàtọ́ ọ̀dọ́mọkùnrin aláwọ̀ dúdú tó ju òun fúnra rẹ̀ lọ lọ́jọ́ orí, ní Amẹ́ríkà ọdún 1958, nígbà tí ibi púpọ̀ wà tí àwọn méjèèjì kò lè jọ jókòó jẹun.

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tó dojú kọ ọ́ ni bí wọ́n á ṣe máa bára wọn sọ̀rọ̀. Twyman á máa ka lẹ́tà álífábẹ́ẹ̀tì lọ́kọ̀ọ̀kan, Stokes á sì ṣẹ́jú nígbà tó bá kan lẹ́tà tó fẹ́. Lẹ́tà kan, lẹ́tà kejì, títí ọ̀rọ̀ kan á fi pé. Ẹ fojú inú wo bó ṣe máa pẹ́ tó kí gbólóhùn kan tó parí.

Iṣẹ́ kejì ni owó. Níbi tí ìmọ̀ adójútòfò ti wúlò nìyí. Twyman gbé ọ̀rọ̀ náà lọ síwájú àwọn aláṣẹ ìpínlẹ̀ Ohio pé ẹnu iṣẹ́ ni Stokes wà nígbà tó fara pa, nítorí náà owó tó tọ́ sí òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ irin tí ẹ̀rọ gé lọ́wọ́ tọ́ sí òun náà. Nígbà yẹn, ọ̀pọ̀ èèyàn kò ka bọ́ọ̀lù gbígbá sí iṣẹ́. Wọ́n gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀, wọ́n sì san owó ìrànwọ́ náà. Ṣùgbọ́n kò tó.

Ẹni tó tún gbà á lọ́wọ́ ẹ̀tẹ́ ni Milton Kutsher, tó ni òtẹ́ẹ̀lì kan ní Monticello, ní àárín àwọn òkè Catskill ní ìpínlẹ̀ New York. Òun àti Twyman ṣètò pé kí àwọn ìràwọ̀ NBA máa wá gbá ìdíje kan níbẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kí gbogbo owó tó bá wọlé jẹ́ ti ìtọ́jú Stokes. Ìdíje náà di ti ọdọọdún. Àwọn gbajúmọ̀ jù lọ nínú líìgì ló ń wá, Wilt Chamberlain wà lára wọn. Chamberlain mọ òtẹ́ẹ̀lì yẹn dáadáa, nítorí ó ti bá wọn ru ẹrù àlejò níbẹ̀ nígbà tó wà nílé ẹ̀kọ́ girama.

Twyman kò sì tìtorí èyí fi bọ́ọ̀lù tirẹ̀ sílẹ̀. Ní sáà 1959 sí 1960, ó jẹ àmì 31.2 nínú ìdíje kọ̀ọ̀kan. Chamberlain nìkan ló jẹ jù ú lọ. Lẹ́yìn ìdíje, ilé ìwòsàn ló ń gbà lọ.

Ọdún méjìlá

Ọdún 12 ni Stokes fi wà báyìí. Àwọn tó ń ṣe ìtọ́jú rẹ̀ ń bá a na apá, wọ́n ń bá a na ẹsẹ̀. Kì í ṣe pé ó kàn dùbúlẹ̀ máa dúró de ikú. Ó ń bá ara rẹ̀ jà bó ṣe bá àwọn òmìrán jà lábẹ́ àwọ̀n. Díẹ̀díẹ̀, ìka ọwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ràn sí i lẹ́nu, títí ó fi lè tẹ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Nínú ohun tó kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ náà kọ ni ìdúpẹ́ fún Twyman.

Àwọn tó mọ̀ ọ́n ní kò di oníbìínú èèyàn. Twyman ti sọ lọ́pọ̀ ìgbà pé tí nǹkan bá ń bí òun nínú, òun á lọ kí Stokes, òun yóò sì fi ìdùnnú kúrò níbẹ̀. Mi ò fẹ́ sọ èyí bíi pé ìyà tó jẹ ẹ́ dára. Kò dára. Ọkùnrin tó yẹ kó gbá bọ́ọ̀lù fún ọdún mẹ́wàá sí i, tó yẹ kó bá Oscar Robertson gbá ní ikọ̀ kan náà nígbà tí ìyẹn dé Cincinnati ní ọdún 1960, orí àga onítáyà ló ti wo gbogbo rẹ̀.

Ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹrin ọdún 1970, àìsàn ọkàn pa Maurice Stokes. Ọmọ ọdún 36 ni. Gẹ́gẹ́ bí ìfẹ́ rẹ̀, Loretto ni wọ́n sin ín sí, ní ìtẹ́ òkú àwọn àlùfáà Franciscan, nílé ẹ̀kọ́ tó sọ di ìlú mọ̀ọ́ká. Gbọ̀ngàn eré ìdárayá ilé ẹ̀kọ́ náà ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ títí di òní. Ní ọdún 1973, wọ́n ṣe fíìmù nípa òun àti Twyman, tí wọ́n pè ní Maurie.

Twyman wọ ilé ọlá básíkẹ́ẹ̀tì ní ọdún 1983. Kò sinmi, ó ń bá a lọ láti máa bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n mú Stokes náà wọlé. Ọdún 2004 ni wọ́n tó gbà. Lọ́jọ́ náà, Twyman ló dúró gba ọlá náà fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ti kú fún ọdún 34. Twyman fúnra rẹ̀ kú ní ọdún 2012. Ní sáà tó tẹ̀ lé e, NBA dá ẹ̀bùn kan sílẹ̀ ní orúkọ àwọn méjèèjì. Wọn kì í fún ẹni tó jẹ àmì jù. Ẹni tó jẹ́ ẹlẹgbẹ́ rere jù lọ nínú ikọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń fún.

Ohun tí mo mú bọ̀

Olùkọ́ wa kò sọ fún mi ohun tí wọ́n fẹ́ kí n rí nínú ìtàn yìí. Ohun tí mo rí ni mo kọ sílẹ̀.

Àkọ́kọ́ ni pé kí a má ṣe bi ẹni tó fi orí gbálẹ̀ bóyá ó lè gbá a. Ọpọlọ tó yẹ kó fi dáhùn ìbéèrè náà ló ṣẹ̀ṣẹ̀ fara pa. Bí orí bá gbá nǹkan, ọpọlọ inú rẹ̀ á mì, ó lè wú, ó lè máa ṣẹ̀jẹ̀ díẹ̀díẹ̀, èèyàn kò sì ní rí nǹkan kan lójú. Bí ẹni náà bá dákú, tó bá ń bì, tí ojú ń ṣú u, tí orí ń fọ́ ọ, tó ń sọ ìsọkúsọ, tàbí tí kò rántí ohun tó ṣẹlẹ̀, ó ti parí fún un lọ́jọ́ yẹn. Ilé ìwòsàn ló kàn. Ọdún 2011 ni NBA fúnra rẹ̀ tó gbé ìlànà kan kalẹ̀ fún gbogbo ikọ̀ lórí èyí, pé ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ bá mì kò gbọdọ̀ padà sórí pápá àfi bí dókítà bá fọwọ́ sí i. Ọdún 53 lẹ́yìn Minneapolis nìyẹn. Kò sí ohun tó ní kí àwa náà dúró fún ọdún 53.

Ìkejì kan àwọn àgbà wa tó ti jáde. Ẹ máa ń bi wá ohun tí a fẹ́ kí ẹ bá wa ṣe. Jẹ́sì tuntun dára, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n kọ́ọ̀tù wa ṣì jẹ́ sìmẹ́ǹtì líle, kò sì sí ẹnikẹ́ni tó mọ ìtọ́jú pàjáwìrì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nígbà tí a bá ń gbá. Bí ẹ bá lè bá wa san owó nọ́ọ̀sì kan fún ọjọ́ ìdíje, ó ju ife lọ.

Ìkẹta kàn mí fúnra mi. Twyman kọ́ ló ta Stokes lulẹ̀. Kò jẹ ẹ́ ní gbèsè kankan. Síbẹ̀, nígbà tí gbogbo èèyàn ń kó ẹrù wọn relé, ó bojú wẹ̀yìn wo ẹni tó ṣẹ́kù sílẹ̀. Èmi tí mo fọwọ́ ara mi fa ọ̀rẹ́ mi dìde padà sínú ewu, mo jẹ gbèsè. Nígbà tó ń múra fún àwọn ìdánwò méjì tó bá a lọ, mo ń lọ sí yàrá rẹ̀ lálaalẹ́ láti bá a kàwé. Ó ti yege báyìí. Ó ti ní òun máa padà sí ikọ̀ ní sáà tó ń bọ̀, bí dókítà bá fọwọ́ sí i. Mo ti sọ fún un pé èmi kọ́ ló máa béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́ bóyá ó lè gbá a. Ìwé dókítà ni mo máa wò.

Kí Ọlọ́run máa ṣọ́ wa lórí pápá, kí àwa náà sì máa ṣọ́ ara wa.